Ìrora Ọmọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wádìí: Ìrírí Mi Gẹ́gẹ́ Bí Ìyá

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọpọlọ ọmọ yín ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tàbí pé àìsàn tí a bí mọ́ ọn kò ní jẹ́ kí ó pẹ́ láyé, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń wá bá òbí nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, yálà dókítà ni ó gbé e kalẹ̀, tàbí ẹbí, tàbí ọkàn òbí fúnra rẹ̀ ní òru: ǹjẹ́ kò ní sàn kí a jẹ́ kí ọmọ yìí máa lọ, àní kí a tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti lọ? Èmi àti ọkọ mi gbé pẹ̀lú ìbéèrè yìí láti ìgbà tí a bí ọmọbìnrin wa títí tí ó fi kú. N kò kọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo kọ ọ́ nítorí pé ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni wọ́n dì pọ̀ fún wa bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ọ̀kan ni kí a yọ ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí. Èkejì ni kí a pẹ̀tù sí ìrora rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí dókítà fi oògùn fi òpin sí ẹ̀mí rẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní ikú àánú. Ó pẹ́ kí a tó mọ bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyà tó sì jẹ wá nítorí èyí kò kéré.

Oyún náà kò yọ mí lẹ́nu. Nígbà ìrọbí ni ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa mọ́, tí ọpọlọ rẹ̀ sì pàdánù ọ́síjìn. Kò ké nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, wọ́n sì mú kí ara rẹ̀ tutù sí nǹkan bí ìwọ̀n 33.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 72. Ìtọ́jú yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 tí a bí ọmọ, nítorí pé ìbàjẹ́ ọpọlọ kì í parí lójú ẹsẹ̀ tí ọ́síjìn dáwọ́ dúró, ó máa ń tẹ̀ síwájú fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn náà, òtútù sì ni ohun tó lè dá apá kan rẹ̀ dúró. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ọmọ tiwa ti ń ní gìrì kí àkókò náà tó pé, nígbà tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, ibi tó bàjẹ́ pọ̀ gan-an.

Dókítà tí ó pè wá jókòó kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí títí di òní. Ó sọ pé ọmọ náà kò ní rìn, kò ní jókòó, kò ní lè gbé oúnjẹ mì, kò ní sọ̀rọ̀, kò sì ní mọ̀ wá. Ohùn kan náà ni ó fi sọ gbogbo rẹ̀, a sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé àwọn nǹkan márùn-ún yẹn kò dáni lójú bákan náà. Ibi tó bàjẹ́ jù nínú ọpọlọ rẹ̀ ni ibi tó ń darí bí a ṣe ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, nítorí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní rìn. Ṣùgbọ́n bóyá ọmọ kan yóò dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀, tàbí bóyá ara rẹ̀ yóò rọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e mọ́ àyà, kò sí àwòrán tí ó lè fi èyí hàn. Ẹ máa tú ọ̀rọ̀ dókítà palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi í nípa ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èyí, ṣé ó dá yín lójú, àbí ẹ kàn rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí? Dókítà wa kò bínú nígbà tí mo padà lọ bi í. Ó fa bébà kan, ó kọ èyí tó dá a lójú sí òkè, ó kọ èyí tí kò dá a lójú sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ pé ọmọ náà kò ní mọ̀ wá sí.

Mo ní láti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà, nítorí pé ìyá tó bá ń ka èyí lè máa rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ń wá sí lọ́kàn. Mo fẹ́ kí ọmọ mi kú. Mo sì tún fẹ́ kí ó yè, nígbà mìíràn láàárín wákàtí kan náà. Nígbà tí mo wá gbé ọkàn mi yẹ̀ wò, mo rí i pé ẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń pè ní àánú. Ẹ̀rù ń bà mí nípa ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àwa bá ti kú, nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a kò ní ráyè gbọ́ tirẹ̀ mọ́, nípa iṣẹ́ mi, nípa ojú tí àwọn ènìyàn yóò máa fi wò wá. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ ìrora ọmọ náà. Kò sí àbùkù nínú kí ẹ̀rù ba òbí, ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bóyá kí ọmọ wà láàyè tàbí kí ó má wà, ó yẹ kí a mọ ìgbà tí a ń sọ ti ọmọ àti ìgbà tí a ń sọ ti ara wa.

Dókítà méjì, tí ọ̀kan nínú wọn wá láti ilé ìwòsàn mìíràn, yẹ ọmọ náà wò, wọ́n sì gbà pé ẹ̀rọ tó ń bá a mí kò wo ohunkóhun sàn lára rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò yọ ọ́ bí a bá fara mọ́ ọn. A fara mọ́ ọn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wa ni pé bí a bá yọ ẹ̀rọ náà, ọmọ lè máa mí fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹbí ti wá, a ti dágbére fún un, a ti sunkún tán, wọ́n yọ ẹ̀rọ, ọmọ sì ń mí. Ó ń mí di ọjọ́ kejì, ó ń mí di ọ̀sẹ̀ kejì. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ìdààmú tó bá wa, nítorí pé ọkàn wa ti kọjá sí ẹ̀yìn ikú rẹ̀, a sì ní láti padà wá máa fi rọ́bà tí wọ́n gba imú rẹ̀ kì dé inú ikùn fún un ní wàrà.

Ó yẹ kí òbí mọ èyí ṣáájú. Nínú irú àìsàn yìí, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ọmọ sábà máa ń gbára lé ẹ̀rọ. Bí ẹ bá dúró títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi hàn kedere, ó lè ti máa mí fúnra rẹ̀, kò sì ní sí ẹ̀rọ tí ẹ ó yọ mọ́. Nítorí èyí ni àwọn dókítà kan fi máa ń fẹ́ kí òbí tètè pinnu, kí àǹfààní ikú yẹn má baà kọjá lọ. N kò fara mọ́ ọ̀nà ìrònú yìí. Ó máa ń mú kí a yọ ẹ̀rọ nítorí irú ayé tí a rò pé ọmọ yóò gbé, dípò kí a yọ ọ́ nítorí pé ẹ̀rọ náà kò ṣe é láǹfààní. Ẹ bi dókítà yín kí wọ́n tó yọ ọ́ pé: bí ó bá ń mí lẹ́yìn náà, kí ni ètò tí ẹ ní fún un?

Àwọn tiwa kò ní ètò kankan, èyí ni ó sì fà á tí ohun tó tẹ̀ lé e fi le. Oògùn dín gìrì kù, ṣùgbọ́n igbe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà á ké, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á le, kò sì sí ohun tí a ṣe tó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún apá tó pọ̀ jù nínú òru. Gbogbo ẹni tí a bi léèrè sọ ohun kan náà fún wa, pé ọpọlọ ló ń fà á.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà ju bí mo ti lè sọ lọ, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ bẹ àwọn dókítà kí wọ́n ṣàánú ọmọ yìí." N kò lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń pa òwe yẹn nípa ara rẹ̀ ti dàgbà, ó mọ ohun tí ẹ̀sín jẹ́, ó sì ń sọ èyí tí òun yóò yàn nínú méjèèjì. Ìkókó kò mọ ẹ̀sín. Bí ìrora bá wà lára rẹ̀, ìrora ni, ó sì yẹ kí a wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín náà, tiwa ni, àwa tí a ń wò ó.

Ọkọ mi jẹ́ ẹni tó máa ń wá ìdí nǹkan nínú ìwé. Ó rí i kà pé ohun tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìlànà ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Àwọn dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìlú Groningen fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò ìjọba láti ṣe é, Eduard Verhagen àti Pieter Sauer sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé ní 2005. Ìlànà náà béèrè pé kí àyẹ̀wò àìsàn àti ibi tó ń lọ dájú, kí ìyà tó ń jẹ ọmọ kọjá ohun tó ṣe é faradà, kí ó sì má sí ìrètí, kí dókítà mìíràn tí kò sí lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́rìí sí i, kí bàbá àti ìyá fọwọ́ sí i pẹ̀lú òye, kí wọ́n sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìṣègùn ti là á kalẹ̀. Kò sọ ọ́ di ohun tí òfin fọwọ́ sí ní tààrà. Dókítà gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sun, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò sì pinnu bóyá àwọn yóò pè é lẹ́jọ́. Ní 2024, orílẹ̀-èdè náà ṣe ìlànà mìíràn fún àwọn ọmọ ọdún 1 sí 12. Bẹ́ljíọ̀m mú gbèdéke ọjọ́ orí kúrò nínú òfin tirẹ̀ ní 2014, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ lè lóye ohun tó ń béèrè fún, nítorí náà ìkókó kò sí lábẹ́ rẹ̀. Òfin ibi tí a wà kò fàyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí kò ti fàyè gbà á ní ibi tó pọ̀ jù lọ lágbàáyé.

Ọkọ mi ka àwọn ohun tí wọ́n béèrè yẹn sí mi létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà. Àyẹ̀wò dájú. Dókítà kejì ti jẹ́rìí sí i. Òbí: òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, èmi kò mọ èyí tí mo wà. Nígbà tí ó dé ibi ìyà tó kọjá ohun tó ṣe é faradà, a jọ wo ọmọ tó ń ké náà, òun sì ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó yí gbogbo nǹkan padà fún wa. Ó ní, "Ta ni ó ti wádìí ohun tó ń dùn ún?" Kò sí. Wọ́n ti yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò lọ́nà gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó jókòó tì í láti mọ ìdí tí ó fi ń ké.

Nọ́ọ̀sì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì pípẹ̀tù sí ìrora àwọn ọmọ tí àìsàn wọn kò ṣe é wò. A ní kí wọ́n pè é. Ó jókòó ti ọmọ náà, ó wò ó ṣáájú kí ó tó jẹun, nígbà tí ó ń jẹun, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀: bí iwájú orí rẹ̀ ṣe ń hunjọ, bí ó ṣe ń di ojú pọ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kíákíá. Ìwé ìdíwọ̀n ìrora fún ìkókó wà, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì nìyẹn, nítorí pé ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ń fi ara sọ ọ́. Kí ó tó lọ, ó ti mọ̀ pé omi kíkan inú ikùn ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun, ó sì ń jó o, bí ó bá ti jó o, ara rẹ̀ á le, líle ara náà á sì tún fún ikùn pọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn fún omi kíkan náà àti oògùn tó ń dẹ iṣan, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orí rẹ̀ ní òkè, wọ́n sì kọ́ wa bí a ṣe ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà tẹ̀. Igbe náà dínkù dé ibi tí gbogbo wa ti ń sùn. Kò tán pátápátá o. Àwọn ọjọ́ kan wà tí oògùn tó le ju ìyẹn lọ nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kí ó rò pé gbogbo ìrora ló ní oògùn kékeré kan tó ń dúró dè é.

Títí di àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ìkókó kan pẹ̀lú ìwọ̀nba oògùn akunnilóorun tàbí láìsí rárá, nítorí ìgbàgbọ́ pé ọpọlọ ọmọ tuntun kò tíì tó láti mọ ìrora. Iṣẹ́ àwọn dókítà bíi K. J. S. Anand, tí òun àti P. R. Hickey kó ẹ̀rí jọ lórí rẹ̀ ní 1987, wà lára ohun tó yí èrò yẹn padà. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ìdánilójú sọ pé ìyà tó ń jẹ ìkókó kan ti kọjá ààlà. Iṣẹ́ tó kùnà láti rí ìrora ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì ní láti fara balẹ̀ nígbà tó bá ń wọn ìrora náà.

Ká ní òfin fàyè gbà á, ká ní wọ́n gbé ìwé wá fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú wíwá nọ́ọ̀sì yẹn, mo rò pé ǹ bá fọwọ́ sí i. Gbogbo ohun tí ìlànà náà béèrè ni a ó sì sọ pé ó pé. Ohun tí ǹ bá tìtorí rẹ̀ fọwọ́ sí ikú ọmọ mi ni omi kíkan inú ikùn. Èyí ni ìdí tó tóbi jù tí n kò fi lè ti fífi oògùn pa ìkókó lẹ́yìn: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè sọ bí ó ṣe ń dùn ún tó, àwa tí a sì ń sọ ọ́ fún un ni agara ti dá, tí ẹ̀rù ń bà, tí a kò sì tíì sùn.

Ohun mìíràn tí mo kà tún fi kún un. Àwọn ọmọ 22 tí Verhagen àti Sauer ròyìn, tí wọ́n fi òpin sí ẹ̀mí wọn láàárín 1997 sí 2004, tí agbẹjọ́rò ìjọba kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lé wọn lórí, oríṣi spina bifida tó le gan-an ni gbogbo wọn ní, ìyẹn àìsàn tí eegun ẹ̀yìn ọmọ kò fi pàdé nínú oyún. Àwọn dókítà kan tí wọ́n mọ àìsàn yìí dunjú, ní Nẹ́dálándì fúnra rẹ̀ pàápàá, jiyàn pé ìrora irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá ohun tí oògùn lè ṣe nǹkan sí. Iṣẹ́ abẹ lemọ́lemọ́, àìlèrìn, àti gbígbé ayé ní ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni àwọn tó ṣe ìpinnu ń wò níwájú. Bí ó bá jẹ́ ìyà ọ̀la ni a fi ń dájọ́ ikú lónìí, a ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìrora, a ti wà lórí ọ̀rọ̀ irú ayé tó yẹ kí ènìyàn gbé.

Jámánì ti fi ibi tí ọ̀nà yẹn lè já sí han aráyé. Òbí kan ni ó kọ̀wé sí Hitler pé kí wọ́n gba òun láyè láti jẹ́ kí ọmọ òun tí a bí ní àkàndá ẹ̀dá kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1939, ìjọba pàṣẹ fún àwọn agbẹ̀bí àti dókítà kí wọ́n máa fi orúkọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ó kéré tán àwọn ọmọ 5,000 sì ni wọ́n pa, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti tan àwọn òbí pé ìtọ́jú tó dára jù ni wọ́n ń gbé wọn lọ gbà. N kò fi àwọn dókítà Groningen wé àwọn yẹn. Gbangba ni wọ́n ti ṣe tiwọn, wọ́n béèrè lọ́wọ́ òbí, wọ́n sì fi ara wọn sí abẹ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí ara àwọn àkàndá ẹ̀dá fi máa ń bù máṣọ bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà kan, Harriet McBryde Johnson, wà lára ohun tó la ojú mi. Àìsàn iṣan tí a bí mọ́ ọn mú kí ó máa lo kẹ̀kẹ́ aláìlera, ó sì lọ sí Yunifásítì Princeton ní 2002 láti bá Peter Singer jiyàn, onímọ̀ tó ń sọ pé ó yẹ kí òbí láǹfààní láti fi òpin sí ẹ̀mí àwọn ìkókó kan tí àìlera wọn le. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tí ara wọn pé kì í mọ bí ayé ṣe ń dùn mọ́ àwọn tí ara wọn kò pé. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo ọmọ kan tí wọ́n bí ní ìlú Bloomington ní Indiana ní 1982: ó ní ipò àbímọ́ni tó máa ń fa ìdàgbàsókè ọpọlọ sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Down syndrome, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dí, iṣẹ́ abẹ ì bá là á, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà, ilé ẹjọ́ gbè wọ́n lẹ́yìn, ọmọ náà sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìrora kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ́ kí ó kú. Síbẹ̀, òtítọ́ tó ń dun èmi ni pé Harriet lè sọ ti ara rẹ̀. Ọmọ tèmi kò ní lè sọ ọ́ láéláé, n kò sì lè fi ìgbádùn ayé ẹlòmíràn dáhùn fún un.

Mo ní láti gbé àríyànjiyàn tó lágbára jù lọ lòdì sí èrò mi kalẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń dí mi lọ́wọ́ láti bínú sí àwọn tó yan pé kí dókítà fi oògùn fi òpin sí ẹ̀mí ọmọ. Àìsàn awọ kan wà tí wọ́n ń pè ní epidermolysis bullosa. Nínú èyí tó le jù, bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọmọ lásán, awọ rẹ̀ á bó, pípààrọ̀ aṣọ ojú egbò rẹ̀ á sì jẹ́ ìdálóró tuntun lójoojúmọ́. Àwọn kan ń béèrè pé: bí a bá gbà pé kí a yọ ẹ̀rọ kí ọmọ lè kú, tí a sì gbà ní ibòmíràn pé kí a dá oúnjẹ inú rọ́bà dúró kí ó kú lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, kí ló dé tí oògùn kan tó yára kò fi ní jẹ́ àánú tó jù ú lọ? N kò ní ìdáhùn tó pa ìbéèrè yìí lẹ́nu mọ́. Wọ́n bi àwa náà bóyá a fẹ́ kí wọ́n dá wàrà ọmọ wa dúró, a kọ̀, nítorí pé ara rẹ̀ ń gba oúnjẹ náà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé nígbà tí a bá yọ ohun tí kò ṣe ọmọ láǹfààní mọ́, a lè ṣì í ṣe, kí ọmọ sì yè, bí ọmọ tiwa ti yè. Bí a bá fún un ní oògùn ikú, kò sí ọmọ kankan tí yóò kù láti fi hàn wá pé a ṣì í ṣe.

Èmi àti ọkọ mi kò wà ní ojú kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a dẹ́kun bíbéèrè lọ́wọ́ ara wa bóyá kí ó wà láàyè tàbí kí ó kú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí a ó ṣe bí nǹkan kan pàtó bá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ní òtútù àyà, ṣé a ó gbé e padà sórí ẹ̀rọ? Rárá. Ṣé a ó fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò? Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá ní gba abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá dúró, ṣé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ láyà? Rárá. Bí mímí bá nira fún un, kí wọ́n fún un ní mọ́fíìnì, oògùn apàrora tó lágbára. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wa, a sì lè yí i padà nígbà tó bá wù wá. Ẹ má ṣe irú ìpinnu yìí ní òru, ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ tí wọ́n fún yín ní ìròyìn burúkú. Ẹ sọ fún ẹbí pé wọ́n lè gbani nímọ̀ràn ṣùgbọ́n wọn kò ní dìbò. Ẹ wá ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ yín kí ẹ lè sùn, nítorí pé mo rí i pé ohun tí mo ń rò nípa ikú rẹ̀ máa ń yí padà bí mo bá ti sùn.

Òtútù àyà ló pa á, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì náà ti sọ pé ó lè rí. Oògùn kò ràn án. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un ní mọ́fíìnì, ẹ̀rù bà mí pé òun ni yóò pa á, mo sì bi dókítà ní gbangba pé kí ni ó ń lò ó fún. Ó fi bí àyà ọmọ náà ṣe ń fà sínú hàn mí, ó ní, "Kí èyí lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Díẹ̀ ni mo fẹ́ fún un, bí ó bá sì ti rọ̀ ọ́, n kò ní fi kún un." Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe é lójú wa. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú ìbéèrè yẹn, kí wọ́n sì fi bí ìwọ̀n oògùn ṣe bá ìrora mu hàn yín. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn kan sọ fún wa pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n rò, ṣùgbọ́n ó dùn mí, nítorí pé nígbà yẹn kì í ṣe ikú rẹ̀ ni a ń gbàdúrà fún mọ́.

Nọ́ọ̀sì yẹn máa ń bẹ̀ mí nígbà mìíràn kí n bá àwọn òbí tó wà nínú irú ipò yìí sọ̀rọ̀. Bàbá kan bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ó ní, "Ẹ ti sọ pé kí a kọ́kọ́ wádìí ìrora. Wọ́n ti wádìí rẹ̀, wọ́n ti ṣe gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀, ọmọ mi ṣì ń jẹ̀rora. Ó kù kí ni?" Mo sọ fún un pé ó ku ohun kan tí dókítà kì í sábà dárúkọ àfi tí òbí bá béèrè: oògùn tó ń mú ọmọ sùn jinlẹ̀, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n rẹ̀ bá ìrora mu, kí ọmọ lè wà lójú oorun títí tí àìsàn náà yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àríyànjiyàn tirẹ̀, ó lè mú kí mímí ọmọ dínkù, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò nìkan ni ó sì yẹ kó lò ó. Bàbá náà ní wọn kò tíì sọ ọ́ fún òun. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò béèrè lọ́wọ́ dókítà lọ́jọ́ kejì, kí òun tó tún sọ̀rọ̀ ikú.